Ẹ̀tọ́ Lórí Eré Àtijọ́

Ìbéèrè kan wà tí ó dà bí ọ̀rọ̀ ọmọdé, ṣùgbọ́n tí kò yẹ kí àgbà fojú di. Bí a bá ṣe eré kan fún kọ̀ǹpútà ní ọdún 1990, tí irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ sì ti di ohun ìgbàgbé, ǹjẹ́ eré náà kú ni, àbí ó kàn ń sùn? Àwọn kan wà káàkiri ayé tí wọn kò gbà pé ó kú. Iṣẹ́ tí wọ́n yàn láàyò ni láti jí irú eré bẹ́ẹ̀ lórí ẹ̀rọ òde òní. Mo fẹ́ kí a yẹ iṣẹ́ wọn wò, nítorí pé ọ̀rọ̀ ogún ni, ọ̀rọ̀ ogún kò sì ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó bá gbé Ìsàlẹ̀ Èkó rí.

Eré orí kọ̀ǹpútà kì í ṣe igi, kì í ṣe irin. Àṣẹ ni, tí a kọ tẹ̀léra wọn ní èdè tí irú ẹ̀rọ kan pàtó gbọ́. Ẹ̀rọ tuntun kò gbọ́ èdè náà mọ́. Windows tí ó wà lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà lónìí kò lè ṣí ètò tí a kọ fún Windows ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1990. Ohun tí àwọn ènìyàn wọ̀nyí ṣe ni pé wọ́n kọ ètò mìíràn tí ó ń ṣe bí ẹni pé òun gan-an ni ẹ̀rọ àtijọ́. MAME jáde ní 1997 fún àwọn eré inú àpótí ńlá tí a ń sọ owó ẹyọ sí. DOSBox jáde ní 2002 fún àwọn eré DOS. Eré náà yóò jí, yóò wo ọ̀tún wo òsì, yóò sì gbà pé ilé bàbá òun ni òun wà.

Èyí tí ó wú mi lórí jù ni ti ìyára. Ọ̀pọ̀ eré ìgbà náà ni ó ń fi bí ẹ̀rọ ṣe yára tó díwọ̀n àkókò. Bí a bá sọ wọ́n sórí ẹ̀rọ tuntun bẹ́ẹ̀, ohun gbogbo yóò máa sá bí ẹni tí ajá ń lé. Ọ̀tá yóò ti pa ẹni tí ń ṣe é kí ó tó gbé ìka. Nítorí náà, ẹ̀rọ alágbára ní láti dín ìgbésẹ̀ rẹ̀ kù, bí ọmọ tí ó di ìyá àgbà lọ́wọ́ mú gba Ìta Fájì kọjá.

Ṣé eré kan náà ni, nígbà tí ara rẹ̀ ti yí padà? Ẹ wo Ẹ̀yọ̀. Ohun tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé 1854 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe eré Adámú Òrìṣà, ní ìrántí Ọba Akíntóyè. Nígbà tí Ẹ̀yọ̀ jáde ní 2017, n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè bóyá aṣọ funfun ti 1854 ni ó wà lọ́rùn rẹ̀.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó ṣeé gbé lọ. Ẹni tí ó bá ti yin pẹ́pẹ́yẹ nínú Duck Hunt, eré tí Nintendo gbé jáde ní 1984, yóò rántí ìbọn rẹ̀. Bí a bá fà á, ojú tẹlifíṣàn yóò ṣókùnkùn kí a tó ṣẹ́jú, ibi tí pẹ́pẹ́yẹ wà yóò tàn funfun, ojú tí ó wà lẹ́nu ìbọn yóò sì rí ìmọ́lẹ̀ náà. Tẹlifíṣàn pẹlẹbẹ ti òní a máa pẹ́ díẹ̀ kí ó tó gbé àwòrán jáde: ìbọn yóò wò, kò ní rí nǹkan kan. Apá kan eré yẹn wà nínú tẹlifíṣàn onídìí ńlá tí gbogbo wa ti jù sí ààtàn.

Wàyí o, ta ni ó ni ẹ̀tọ́ láti jí eré? Yorùbá ní ẹni tí ó lẹ́rú ló lẹ́rù, òfin náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ bẹ́ẹ̀. Ní 2023, Video Game History Foundation gbé ìwádìí jáde pé nínú 100 eré àtijọ́ tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà ṣáájú 2010, bí 87 ni kò sí lórí àtẹ mọ́. Ẹni tí ó ni wọ́n kò tà wọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá dà wọ́n kọ, òfin lè pè é ní olè.

Bí eré bá ṣì wà lórí àtẹ, kí a sanwó. Àwọn tí ó ṣe é gbọ́dọ̀ jẹun. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ láti ta nǹkan kò ní ẹ̀tọ́ láti sin ín láàyè nínú. Ẹ rántí Ilojo Bar, ilé àwọn Àgùdà tí ó wà ní ojúde Tinúbú. Ìjọba sọ ọ́ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956. Ní oṣù Kẹsàn-án 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Ilé ní onílé, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń gba iwájú rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́ náà ní ìpín níbẹ̀, tí ìwé ilẹ̀ kankan kò kọ. Ilé sì nìyẹn, tí kò ní ẹ̀dà! Ẹni tí ó bá da eré kọ kò gba ohunkóhun lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín. Bí onítọ̀hún bá tún fẹ́ tà á lọ́la, ọjà rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà ti dé ilé wa. Maliyo, tí a dá sílẹ̀ ní Èkó ní 2012, ṣe eré kan tí ó ń jẹ́ Okada Ride, nínú èyí tí a ti ń gun ọ̀kadà gba ojú pópó. Ní àkókò yẹn, Flash ti ilé iṣẹ́ Adobe ni ọ̀pọ̀ jù lọ eré orí íntánẹ́ẹ̀tì gbẹ́kẹ̀ lé. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejì 2020, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de ọ̀kadà ní Erékùṣù Èkó àti àwọn àdúgbò mìíràn. Ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn ọdún kan náà, Adobe dáwọ́ ìtọ́jú Flash dúró.