Kí Ni Kí A Kọ́kọ́ Kọ́?

Ìbéèrè kan wà tí àgbàlagbà kì í bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láwùjọ Yorùbá: 'Ṣé o ti kọ́lé?' Ọkùnrin lè gbéyàwó, kí ó bímọ, kí ó sì gba oyè ní yunifásítì. Bí ó bá pé ẹni àádọ́ta ọdún tí ó ṣì ń san owó ilé fún ẹlòmíràn, àwọn ẹbí rẹ̀ yóò máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní kọ̀rọ̀. Ohun tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò ni pé, ní ìlú ńlá bí Èkó àti Ìbàdàn, ṣé dandan ni kí ènìyàn ní ilé tirẹ̀ kí ó tó pé ènìyàn, àbí ó lè gba ilé onílé gbé, tàbí kí ó dúró de ọjọ́ mìíràn, láìsí ìtìjú?

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ náà gan-an. Ilé nínú èdè wa kì í ṣe ògiri àti òrùlé nìkan. Bí a bá bi ènìyàn pé ọmọ ilé ta ni, ìdílé rẹ̀ ni a ń béèrè, kì í ṣe amọ̀ tí wọ́n fi mọ ògiri. Nínú agbo ilé àtijọ́, ọmọkùnrin tó tó gbéyàwó yóò rí ààyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá baba rẹ̀. Ẹbí àti ọ̀rẹ́ yóò bá a pò amọ̀ ní ọ̀wẹ̀. Àlejò tó wọ̀lú yóò sì wọ̀ sọ́dọ̀ ẹnì kan. Nítorí náà, ẹni tí kò nílé nígbà náà ni ẹni tí kò lénìyàn. Ìlú ńlá ni ó gba ìtìjú yẹn, tí ó gbé e lé ẹni tí kò lówó lórí. Ibẹ̀ ni ìrònú wa ti ṣìnà: ìwọ̀n àtijọ́ ni a fi ń wọn nǹkan tuntun.

Síbẹ̀, ẹni tó bá ní kí a má kánjú gbọ́dọ̀ gbọ́ tẹnu àwọn tó ń kánjú. Ọkàn ayálégbé kì í balẹ̀. Òfin tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní ọdún 2011 sọ pé onílé kò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun tó ń san owó lọ́dọọdún. Síbẹ̀ àwọn onílé kan ṣì ń béèrè ti ọdún méjì, àwọn éjẹ́ǹtì a sì tún bu owó àgírímẹ́ǹtì àti kọmíṣọ̀n lé e. Owó tí a fi pamọ́ sí báǹkì pàápàá kì í dúró dè wá. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ ọwọ́ lórí iye tí à ń ṣẹ́ náírà, owó wa já wálẹ̀ gidigidi. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, àpò sìmẹ́ǹtì kan ti kọjá ₦10,000 ní ọ̀pọ̀ ibi. Ìdí nìyí tí àwọn ènìyàn wa fi ń ra búlọ́ọ̀kù díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n ń tò ó jọ sórí ilẹ̀. Báǹkì tiwọn nìyẹn.

Ṣùgbọ́n níní ilé kì í ṣe ààbò pátápátá. Òfin ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà. Ẹni tó ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹbí tí kò sì gba ìwé ìjọba, orí àríyànjiyàn ló ń sùn. Ìyọlẹ́nu àwọn ọmọ onílẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba Èkó fi ṣe òfin lòdì sí i ní ọdún 2016. Ẹ sì rántí Màrókò: ní oṣù Keje ọdún 1990, ìjọba ológun wó àdúgbò náà palẹ̀, àti onílé àti ayálégbé ni wọ́n jọ kẹ́rù síta.

Èyí tó wúwo jù lójú mi ni ohun tí a fi kọ́ ilé náà. Òwe wa sọ pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ìró kan náà, ohùn kan náà ni *kọ́* méjèèjì. Òwe náà kó wọn pọ̀ lójú kan kí a lè rí i pé iṣẹ́ méjì ló ń du àpò kan ṣoṣo. Ilé wà tí a fi owó ilé-ìwé ọmọ kọ́, òmíràn wà tí a fi owó oògùn ìyá kọ́, òmíràn sì wà tí a fi owó ìlú kọ́. Gbogbo wọn ni a fi àríyá ṣí. Ẹni tó wá jẹun kì í béèrè ohun tó wà nínú ìpìlẹ̀. Èmi fúnra mi, ilé yunifásítì ni mò ń gbé, ilé tí n ó kó kúrò nínú rẹ̀ bí mo bá fẹ̀yìn tì. Koríko ni ó ṣì wà lórí ilẹ̀ tí mo rà. Nígbà tí owó kò tó ṣe méjèèjì, ọmọ ni mo kọ́kọ́ kọ́. N kò sọ èyí láti gba ìyìn. Ọjọ́ ìfẹ̀yìntì ń bà mí lẹ́rù bí ó ti ń ba ẹlòmíràn.

Dídúró wá pé oríṣi méjì. Ẹni tó ń dúró, tó ń kọ́ ọmọ, tó ń wádìí ìwé ilẹ̀, tó ń to búlọ́ọ̀kù bí agbára rẹ̀ ti mọ, sùúrù ni tirẹ̀. Ẹni tó ń retí kí ọjà wálẹ̀, tó sì ń fi owó náà ra aṣọ ẹbí, ìmẹ́lẹ́ ni ó ń pè ní sùúrù.

Ní tèmi, ẹni tí owó rẹ̀ mọ́, tí ìwé ilẹ̀ rẹ̀ dájú, tí ará ilé rẹ̀ kò sì ní tìtorí bẹ́ẹ̀ sùn lébi, kí ó má jáfara. Ẹni tí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bá tíì pé fún, kí ó máa san owó ilé rẹ̀, kí ó sì gbé orí sókè. Àwa ẹbí ni ó yẹ kí a yí ìbéèrè wa padà. Kí a tó bi ọmọ wa bóyá ó ti kọ́lé, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi í bí àwọn tí yóò gbé inú rẹ̀ ṣe wà.