Ṣé Iná Náà Mọ̀ Pé Ilẹ̀ Ti Ṣú?

Iná kékeré tó ń tàn fúnra rẹ̀ bí ilẹ̀ bá ti ṣú wà lára ohun tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀lẹ́kítírọ́níìkì máa ń kọ́kọ́ fọwọ́ ara rẹ̀ tò. Kò gba owó púpọ̀, ọjọ́ kan sì tó fún un. Bí iná náà bá wá tàn, ọ̀rọ̀ tó sábà máa ń jáde lẹ́nu ẹni tó tò ó ni pé ó ti mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni lójú ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ìbéèrè tó fara pamọ́ sínú rẹ̀ ti pẹ́ láàárín àwọn onímọ̀ ọgbọ́n orí: ohun tó ń fèsì sí ayé tó yí i ká, ṣé ó mọ ayé náà?

Ní Ouagadougou, olú ìlú Burkina Faso, irú iṣẹ́ ọwọ́ yìí ní ilé. Níbẹ̀ ni Gildas Guiella àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá Ouagalab sílẹ̀ ní 2011, ọ̀kan lára àwọn fablab (ibi tí ẹnikẹ́ni ti lè lo irinṣẹ́ láti ṣe ẹ̀rọ) tó kọ́kọ́ wà ní àwọn orílẹ̀-èdè tó ń sọ Faransé ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Irú ibi bẹ́ẹ̀ ló sọ Jerry di ohun táwọn ọ̀dọ́ mọ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí wọ́n to ẹ̀yà àlòkù rẹ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì oní lítà 20. Ní Lomé ní Togo, Kodjo Afate Gnikou ti fablab WoeLab fi àwókù ẹ̀rọ kọ́ ẹ̀rọ tó ń tẹ nǹkan ní 3D ní 2013. Ìgbàgbọ́ kan náà ló wà nídìí gbogbo rẹ̀: a kì í fi ẹnu kọ́ ẹ̀rọ, ọwọ́ ni a fi ń tú u.

Ojú tí iná kékeré náà fi ń rí ìmọ́lẹ̀ jẹ́ ẹ̀yà pẹlẹbẹ kan tí kò tó èékánná, tí ìlà kọ́lọkọ̀lọ wà lórí rẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kàn án, ó rọrùn fún iná mànàmáná láti gba inú rẹ̀ kọjá. Bí òkùnkùn bá bò ó, ó di ìdènà líle. A máa so ó mọ́ fóòtì 5 lápá kan, a sì so ó mọ́ rẹsísítọ̀ 10,000 ohm lápá kejì, kí àwọn méjèèjì jọ pín fóòtì náà. Láti ibi tí wọ́n ti pàdé, wáyà kan á lọ sórí bọ́ọ̀dù Arduino, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Ivrea ní Ítálì ní 2005 fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í ṣe ẹnjiníà. Bọ́ọ̀dù náà á wọn fóòtì tó bá níbẹ̀, á sì sọ ọ́ di nọ́ńbà kan láti 0 sí 1023. Lọ́sàn-án gangan nọ́ńbà náà á ga; bí a bá fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú náà, á já wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Olùkọ́ṣẹ́ á mú ààlà kan, bíi 300, á sì kọ ọ́ sínú ètò pé bí nọ́ńbà bá ti kéré ju ààlà náà lọ, kí iná tàn. LED, ìyẹn iná kékeré náà fúnra rẹ̀, ń gba nǹkan bíi fóòtì 2. Rẹsísítọ̀ 220 ohm ló máa ru fóòtì 3 tó ṣẹ́kù, kí iná tó ń ṣàn má bàa ju milliamp 14 lọ. Ẹni tó bá fo rẹsísítọ̀ yìí ń fi LED rẹ̀ wewu.

Nínú gbogbo èyí, ibo ni ìmọ̀ wà? Ìka lè tọ́ka sí ibi tí fóòtì ti dín, ibi tí nọ́ńbà ti yí, ibi tí iná ti tàn. Kò sí ibì kan tí a lè na ìka sí pé níbí ni òkùnkùn ti di mímọ̀.

Ní 1986, onímọ̀ ọgbọ́n orí méjì, Barry Hallen àti J. Olubi Sodipo, tẹ ìwé kan jáde lórí ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá àwọn oníṣègùn Yorùbá sọ nípa ìmọ̀ àti ìgbàgbọ́. Lójú àwọn àgbà yẹn, ohun tí ènìyàn fojú ara rẹ̀ rí, tí ọkàn rẹ̀ sì jẹ́rìí sí, ni ìmọ̀. Ohun tí a gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, bó ti wù kó dájú tó, ìgbàgbọ́ ni. Bí a bá fi òṣùwọ̀n yìí wọn iná náà, ìdajì ló ní: ojú wà, ọkàn tí yóò jẹ́rìí kò sí. Bí ọyẹ́ bá gbé eruku bo ojú náà mọ́lẹ̀, iná á tàn lọ́sàn-án láìṣiyèméjì. Kò sì lè ṣiyèméjì; èyí ló burú jù níbẹ̀.

Síbẹ̀, ohun kan wà tó máa ń ya olùkọ́ṣẹ́ lẹ́nu. Bí LED bá kọjú sí ojú iná náà gan-an, bí ilẹ̀ bá ti ṣú, iná á tàn. Ojú á rí ìmọ́lẹ̀, iná á kú. Òkùnkùn á padà, iná á tún tàn. Á máa ṣẹ́jú ṣáá, bẹ́ẹ̀ ẹni tó kọ ètò náà kò kọ ọ́ síbì kankan pé kó máa ṣẹ́jú. Onímọ̀ nípa ọpọlọ, W. Grey Walter, rí ohun tó jọ èyí ní Bristol ní nǹkan bí 1949, nígbà tí àwọn ìjàpá oníná tó kọ́, Elmer àti Elsie, dé iwájú dígí, tí wọ́n sì ń jó sí iná ara wọn. Ó ní bó bá jẹ́ ẹranko ló ṣe bẹ́ẹ̀, a lè pè é ní ẹ̀rí pé ó mọ ara rẹ̀. Ní ti iná olùkọ́ṣẹ́, páálí tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín LED àti ojú náà ti tó láti pa ìṣẹ́jú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn lè ní ọpọlọ ènìyàn náà kò ju ọ̀pọ̀lọpọ̀ irú ìyípo bẹ́ẹ̀ lọ. Àríyànjiyàn yẹn kò tíì parí, iná kékeré kan kò sì lè parí rẹ̀.

Ẹ̀sìn gba ọ̀nà mìíràn wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Nínú ìtàn ìṣẹ̀dá Yorùbá, Ọbàtálá ló ń mọ ara, Olódùmarè ló ń fi èémí sí i: ẹni tó mọ ọ́n kọ́ ló ni ẹ̀mí. Láàárín àwọn Mùsùlùmí, tí wọ́n pọ̀ jù ní Burkina Faso, hádíìsì kan wà pé lọ́jọ́ ìdájọ́ a óò ní kí ẹni tó ya àwòrán fún un ní ẹ̀mí, kò sì ní lè ṣe é. Ó rọrùn láti sọ pé bátìrì ni ẹ̀mí iná náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bí a bá yọ bátìrì, tí a dá a padà lẹ́yìn ọdún kan, ètò náà wà nínú ìrántí bọ́ọ̀dù bó ṣe wà, iná á sì máa bá iṣẹ́ lọ bí ẹni pé kò sóhun tó ṣẹlẹ̀. Ohun tí kò lè kú kò tíì wà láàyè. Àwọn mẹkáníìkì tó ń bọ Ògún kò ṣi èyí mú rí: wọ́n ń bọ irin, wọn kò sọ pé sípánà ń ronú.

Ẹni tó to iná náà gan-an ni ìmọ̀ dé bá. Kó tó fọwọ́ kàn án, ó kàn gbà gbọ́ pé rẹsísítọ̀ ń dín iná kù ni, torí olùkọ́ sọ bẹ́ẹ̀. Bí LED kan bá ti jóná mọ́ ọn lọ́wọ́, tí èkejì tó ní rẹsísítọ̀ kò jóná, ojú rẹ̀ ti rí i, ọkàn rẹ̀ ti jẹ́rìí. Ibi tí ìmọ̀ yìí mọ náà hàn kedere: ṣíìpù dúdú ATmega328 tó wà lórí bọ́ọ̀dù. A kò lè tú u bí a ṣe ń tú Jerry. Olùkọ́ṣẹ́ lè fi mítà wọn ohun tó ń wọlé àti ohun tó ń jáde ní àwọn ẹsẹ̀ 28 rẹ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín méjèèjì, ìwé ilé iṣẹ́ tó ṣe ṣíìpù náà ni yóò gbà gbọ́, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ẹnjiníà tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà ṣe ń gbà á gbọ́.