Ẹni Tó Ni Ín àbí Ẹni Tó Tọ́jú Rẹ̀?

Bí ìjọba bá lé ẹnì kan kúrò nílé, tí aládùúgbò bá a tọ́jú ẹrù rẹ̀ fún àádọ́ta ọdún, lọ́jọ́ tí onílé bá dé, ta ló ni ẹrù? Ẹ má tíì dáhùn o. Irú ẹjọ́ yìí ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ Jàpáànì, láàárín ilé ìsìn méjì.

Ní erékùṣù Shikoku, àwọn ẹlẹ́sìn Buddha máa ń rin nǹkan bíi 1,200 kìlómítà yí ilẹ̀ náà ká, láti ilé ìsìn kan dé èkejì títí yóò fi pé 88, ní ìrántí Kukai, àlùfáà ńlá tí wọ́n bí níbẹ̀ ní 774. Ilé kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà tirẹ̀. Bí èrò bá dé, wọ́n á lu òǹtẹ̀ sínú ìwé rẹ̀, òǹtẹ̀ ọ̀hún kì í sì í ṣe ọ̀fẹ́!

Zenraku-ji, ní Kochi, ni nọ́ńbà 30. Òun àti ojúbọ Tosa ti ẹ̀sìn Shinto jọ wà pọ̀ ni. Ní 1868, ìjọba tuntun pàṣẹ pé kí wọ́n ya ẹ̀sìn méjèèjì sọ́tọ̀, torí Shinto ni wọ́n fẹ́ gbé lárugẹ. Bí wọ́n ṣe pa Zenraku-ji rẹ́ nìyẹn. Wọ́n gbé ère Amida tó wà níbẹ̀ lọ sí Kokubun-ji, nọ́ńbà 29. Nígbà tó di 1876, ó dé Anraku-ji. Anraku-ji wá di nọ́ńbà 30.

Ní 1929 ni wọ́n tún Zenraku-ji dá sílẹ̀ lórí ilẹ̀ rẹ̀ àtijọ́. Ló bá di pé nọ́ńbà 30 di méjì!

Bó bá jẹ́ olè àti olóhun ni, ọmọdé lè dá a. Ṣùgbọ́n Anraku-ji ò jalè. Ó gba ohun tí kò nílé mọ́ sílé ni. Zenraku-ji náà ò sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ kúrò nílé. Àwọn méjèèjì ló jàre, ohun tó jẹ́ kó le nìyẹn.

Ọdún 65 ni wọ́n fi wà bẹ́ẹ̀. Ní 1994, wọ́n fi nọ́ńbà 30 fún Zenraku-ji, Anraku-ji sì di okunoin rẹ̀, bí ẹni sọ pé ìyẹ̀wù ilé kan náà ni. Mo gbà pé ìdájọ́ tó dára ni.

Ẹni tó gba òǹtẹ̀ Anraku-ji ní 1920 ńkọ́, nígbà tí kò sí òmíràn tó lè lọ? Ṣé ìrìn rẹ̀ di 87 ni? Lójú tèmi, 88 ló rìn.