Gbèsè Tí Àìsàn Jẹ

Ìwé kan wà lábẹ́ ìrọ̀rí màmá mi. Ìwé ìkọ̀wé ọmọ iléèwé lásán ni, èmi ni mo sì fún un nínú àwọn tí wọ́n rà fún mi fún iṣẹ́ Ìṣirò. Ojú ewé àkọ́kọ́ ni ó kọ àwọn tí ó jẹ ní gbèsè sí: ẹgbẹ́ èsúsú, ₦240,000, ẹni tí ó ń já gàrí fún un láwìn, ₦70,000, owó tí ó yá lórí fóònù, ₦40,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦350,000. Orúkọ ọ̀rẹ́ mi kò sí níbẹ̀, orúkọ tèmi náà kò sì sí níbẹ̀. Síbẹ̀, gbèsè tí ó wà láàárín èmi àti ọ̀rẹ́ mi ni mo rò pé ó le jù láti san nínú gbogbo wọn.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò nìyí: bí ènìyàn bá jẹ gbèsè nígbà tí ọpọlọ rẹ̀ kò yá, ta ni ó jẹ ẹ́? Ṣé òun ni àbí àìsàn? Bí ó bá jẹ́ àìsàn ni, ọ̀dọ̀ ta ni ẹni tí a jẹ lówó yóò lọ?

Gàrí àti èlùbọ́ ni màmá mi ń tà ní ọjà Bódìjà, ní Ìbàdàn. Òun ni àwọn obìnrin mọ́kànlá kan sì fi ṣe olùgbowó èsúsú wọn. Àwọn kan ní kíláàsì mi rò pé ọ̀kan náà ni èsúsú àti àjọ, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀kan. Nínú àjọ, alájọ ń gba owó lọ́wọ́ rẹ lójoojúmọ́, yóò dá a padà fún ọ lópin oṣù, yóò sì yọ owó ọjọ́ kan fún iṣẹ́ rẹ̀. Nínú èsúsú tiwọn, àwọn méjìlá ń dá ₦20,000 lóṣooṣù, ẹnì kan á kó gbogbo rẹ̀, oṣù tó ń bọ̀ á kan ẹlòmíràn, títí yóò fi yí ká. Kò sí èlé, kò sí ìwé àdéhùn. Wọ́n kàn gbẹ́kẹ̀ lé ara wọn ni.

Ní oṣù kìíní ọdún tó kọjá, Ìyá Ìbejì tí ó ń ta ata ni ó kàn. Inú owó yẹn ni ó ti fẹ́ san owó ilé, kí ó sì san owó WAEC ọmọ rẹ̀ àgbà. Ọmọ náà ni ọ̀rẹ́ mi. Kíláàsì kan ni ó fi jù mí lọ nígbà náà.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni màmá mi kò sùn fún òru mẹ́ta. Ó ń fọ ilé ní aago méjì òru, ó ń kọrin, ó ń sọ̀rọ̀ débi pé ọ̀rọ̀ kan kì í dúró de èkejì. Ó ra ọgbọ̀n àga rọ́bà àti àtíbàbà kan, ó ní òun fẹ́ máa yá wọn fún àwọn tó ń ṣe ìnáwó. Ó ń pín ẹgbẹ̀rún kan náírà fún ọmọ àdúgbò kọ̀ọ̀kan tí ó bá kí i. Àwọn aládùúgbò ń ṣàdúrà fún un, wọ́n ní Ọlọ́run ti gbọ́ tirẹ̀. Kò sí ẹni tí ó pè é ní àìsàn. Mo ti wá rí i pé bí orí ẹnì kan bá dà rú tí ó sì ń náwó fún àwọn ènìyàn, wọn kì í tètè rí i. Ìgbà tí owó tán, tí ó wá ń sùn láti òwúrọ̀ di alẹ́, tí kò wẹ̀, tí kò jẹun, ni wọ́n tó sọ pé nǹkan ń ṣe é. Ọ̀lẹ ni àwọn mìíràn tilẹ̀ pè é.

Dókítà pe àìsàn náà ní bipolar. Ó ní ó máa ń gbé ọkàn ènìyàn ga sókè fíofío, yóò sì tún jù ú sílẹ̀. Pé oògùn wà fún un, ṣùgbọ́n kì í ṣe oògùn tí ènìyàn ń lò fún ọ̀sẹ̀ kan kí ó pa á tì.

Ẹ̀gbọ́n màmá mi ọkùnrin ni ó kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè mi, láìjẹ́ pé mo bi í. Ó ní, "Ẹni tí orí rẹ̀ kò pé kì í jẹ gbèsè. Kí wọ́n lọ gbà á lọ́wọ́ àìsàn." Mo fẹ́ràn gbólóhùn yẹn nígbà náà, ó tù mí lára. Ṣùgbọ́n agbẹjọ́rò kan ní àdúgbò wa ṣàlàyé fún mi pé òfin àdéhùn tí a jogún lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ jáde nínú àdéhùn nítorí àìsàn ọpọlọ gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun kò mọ ohun tí òun ń ṣe nígbà náà, àti pé ẹnì kejì mọ̀ pé orí òun kò pé. Apá kejì yìí ni ó mú mi ronú. Kí ni Ìyá Ìbejì mọ̀? Ohun tí ó mọ̀ kò ju pé obìnrin tí ó ti ń gba owó fún wọn láti ọdún mẹ́fà ni ó ń gba owó ní ọjọ́ náà. Owó yẹn kì í tilẹ̀ ṣe owó tí wọ́n yá màmá mi. Wọ́n fi pamọ́ sí i lọ́wọ́ ni. Bí ẹ̀gbọ́n màmá mi bá sọ pé àìsàn ló kó o, òtítọ́ ni ó sọ. Ṣùgbọ́n ata ni Ìyá Ìbejì ń tà. Kò sí ibi tí yóò ti rí àìsàn mú.

Mo wá dé ibi tí ó nira fún mi láti kọ.

Nígbà tí Ìyá Ìbejì wá sí ilé wa ní ìparí oṣù, èmi ni mo ṣílẹ̀kùn. Wọ́n ti kọ́ mi ní ohun tí màá sọ. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ káàbọ̀ mà. Màmá mi ti rìnrìn àjò lọ sí Ìlọrin." Màmá mi wà nínú yàrá, kò ju ìwọ̀n ẹsẹ̀ márùn-ún lọ sí ibi tí a dúró sí. Ọ̀rẹ́ mi náà bi mí ní iléèwé, mo tún sọ ohun kan náà fún un. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni a fi parọ́ yẹn. Kí àṣírí tó tú, ìforúkọsílẹ̀ WAEC ti parí, ọ̀rẹ́ mi kò sì bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìdánwò lọ́dún náà.

Ẹ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí nígbà tí a wá sọ òtítọ́. Àwọn obìnrin náà jókòó ní ọjọ́ Àìkú kan, ìpàdé wọn kò sì ju wákàtí kan lọ. Wọ́n ní kí owó oṣù tó ń bọ̀ lọ sọ́dọ̀ Ìyá Ìbejì, kí gbogbo ẹni tí kò tíì kó tirẹ̀ sún sẹ́yìn ní oṣù kan, kí gbèsè màmá mi lọ dúró sí ìparí, lọ́dọ̀ ẹni tí yóò kó gbẹ̀yìn. Gbogbo wọn pín ìdádúró náà láàárín ara wọn. Bí a bá ti sọ fún wọn ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni, wọn ì bá ti dá owó ìdánwò nìkan jọ láàárín ọjọ́ méjì. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé ta ni ó jẹ gbèsè yìí, ìdáhùn mi pín sí méjì: àìsàn ni ó kó owó náà, ṣùgbọ́n àwa tí ara wa yá ni a kó ọdún kan lọ́wọ́ ọmọ ẹlòmíràn.

Mo mọ ìdí tí a fi parọ́. Àwọn Yorùbá máa ń sọ pé wèrè dùn ún wò, kò ṣe é bí lọ́mọ. Kò sí ẹni tí ó bi ọmọ tí wèrè bí léèrè bí ó ṣe rí lójú tirẹ̀. A bẹ̀rù pé bí wọ́n bá gbọ́, kò sí ẹni tí yóò ra gàrí lọ́wọ́ màmá mi mọ́, wọn yóò sì máa fi ìka tọ́ka sí mi. Ẹ̀rù yẹn kì í ṣe ohun kékeré. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń fi àìsàn pamọ́, ṣe ni a ń sọ màmá mi di olè, nítorí pé ẹni tí ó bá kó owó èsúsú tí ó sì sá lọ, kò ní orúkọ mìíràn. Mo ti ka ìtàn Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo, tí ó bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé ní Arò, ní Abẹ́òkúta, ní ọdún 1954. Kò ti àwọn aláìsàn mọ́lé. Àárín àwọn ará abúlé ni ó fi wọ́n sí pẹ̀lú mọ̀lẹ́bí wọn, wọn á gba ìtọ́jú lọ́sàn-án, wọn á sì padà sí abúlé. Ó ju àádọ́rin ọdún lọ báyìí tí ó ti ṣe èyí, àwa sì ń ti màmá wa mọ́ yàrá ní Ìbàdàn.

Àwọn tí ó yá a lówó lórí fóònù ṣe tiwọn lọ́nà mìíràn. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí àwọn tí nọ́ńbà wọn wà lórí fóònù rẹ̀ pé ọ̀daràn ni, kí wọ́n sọ fún un kó wá san owó. Olùkọ́ kíláàsì mi wà lára àwọn tí ó gbà á. Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, ó sọ nípa ológò, ẹni tí olówó máa ń rán lọ jókòó sí ilé onígbèsè, tí yóò máa yọ gbogbo ilé lẹ́nu títí wọn yóò fi san. Mo rò pé ológò kò tíì lọ, inú fóònù ni ó kó lọ. Èyí tilẹ̀ burú ju ti àtijọ́ lọ, nítorí pé ológò àtijọ́ á fi ojú ara rẹ̀ rí i bí ẹni tí òun wá bá bá ń ṣàìsàn. Àjọ FCCPC gbé ìlànà jáde ní ọdún 2022 láti kápá irú ìwà yìí. Lójú tèmi, gbígba gbèsè kò burú. Ẹni tí ó yáni lówó ní ẹ̀tọ́ sí owó rẹ̀. Ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn, ọjọ́ mẹ́rin ni màmá mi kò fi dìde lórí ibùsùn, ẹni tí kò sì dìde kò lè ta gàrí tí yóò fi san owó wọn.

Nígbà tí ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kí a má jẹ́ kí ó rí ìwé gbèsè, pé kí àwọn mọ̀lẹ́bí máa san án díẹ̀díẹ̀ láì sọ fún un. Màmá mi gbọ́. Ó ní, "Bọ̀dá mi, ṣé ẹ fẹ́ sọ mí di òkú ni? Ẹ gbé ìwé mi fún mi." N kò tíì rí i kí ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Láti ìgbà náà ni mo ti mọ̀ pé àánú lè gba nǹkan lọ́wọ́ ènìyàn. Bí a bá sọ pé kò jẹ gbèsè, a ti sọ pé kò sí níbẹ̀, pé ọwọ́ rẹ̀ kì í ṣe ọwọ́, pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀. Ó fẹ́ san án. Ìfẹ́ yẹn wà lára ohun tí ó ń mú un dìde láàárọ̀.

Ṣùgbọ́n ìfẹ́ yẹn kan náà ni ó tún fẹ́ pa á. Láàárín oṣù kẹfà sí oṣù kẹjọ, ó ń dá oògùn rẹ̀ sí méjì, ó ń lo ààbọ̀ kí ó lè fi owó tó kù san gbèsè. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ní oṣù kẹsàn-án, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ilé ní òru. Owó tí a ná ní ilé ìwòsàn ní ìgbà kejì yẹn ju gbogbo owó tí ó ti san lọ. Láti ìgbà náà, èmi ni mo kọ owó oògùn sí òkè pátápátá nínú ìwé náà, ṣáájú èsúsú, ṣáájú gàrí. Màmá mi kọ́kọ́ bínú, ó ní ara òun kọ́ ni òun jẹ lówó. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, bí ẹ kò bá san ti oògùn, ta ni yóò san tàwọn yòókù?" Kò dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n kò pa á rẹ́.

Mo tún bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí n máa lọ ran Ìyá Ìbejì lọ́wọ́ ní ìsọ̀ ata ní ọjọ́ Sátidé. Ó kọ̀. Ó ní òun kò ní fi ọmọ òun ṣe ìwọ̀fà. Láyé àtijọ́, ìwọ̀fà ni ẹni tí ń sin olówó nítorí gbèsè; iṣẹ́ rẹ̀ dúró fún èlé, owó gan-an ṣì wà ńlẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà ó sì jẹ́ pé ọmọ ni òbí fi sílẹ̀. Mo gbà pé òótọ́ ni ó sọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbèsè tirẹ̀ ni mo fẹ́ lọ san.

Báyìí, ó ku ₦95,000 nínú owó èsúsú. Ti fóònù ti tán, ti oní-gàrí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. A ti ta àtíbàbà náà, a sì ti ta àga méjìlélógún ní ẹ̀dínwó; orí ọ̀kan nínú àwọn tó kù ni mo jókòó sí tí mo ń kọ èyí. Màmá mi fúnra rẹ̀ ni ó ń gbé owó lọ bá àwọn obìnrin náà. Wọ́n ti fi ẹlòmíràn ṣe olùgbowó, òun ni ó sì sọ pé kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi wà ní kíláàsì mi nísinsìnyí. Àga méjì ni ó wà láàárín wa. Ó máa ń yá mi ní ìwé rẹ̀ bí mo bá béèrè. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo sọ fún un pé màmá mi kò lọ sí Ìlọrin nígbà yẹn. Ó ní òun ti mọ̀ tipẹ́, pé òun kàn ń dúró dè mí kí n sọ ọ́ fúnra mi ni. Ó yí padà, ó sì ń da iṣẹ́ tí ó wà lójú pátákó kọ lọ.