Owó Tí Ọlọ́run Fi Sí Ìkáwọ́ Wa: Ìfipamọ́, Ọjọ́ Ogbó àti Owó-orí

Kíkà: Mátíù 25, 14-30, Jẹ́nẹ́sísì 41, 25-49, Máàkù 7, 9-13

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń múra sílẹ̀ de Ìrìbọmi,

Nígbà tí a bá ń kọ́ Òfin Mẹ́wàá, ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń rò pé Òfin Keje kò ju kí a má jí ewúrẹ́ aládùúgbò wa lọ. Ṣùgbọ́n Ìjọ kọ́ wa pé òfin yìí kan bí a ṣe ń rí owó, bí a ṣe ń pa á mọ́, bí a ṣe ń ná an, àti ohun tí a jẹ gbogbo ìlú. Omi tí a ó dà sí yín lórí ní alẹ́ Àjíǹde gbọ́dọ̀ kan àpò yín pẹ̀lú.

1. Ìríjú ni wá

Nínú òwe tí Olúwa pa, baálé kan fi owó lé àwọn ẹrú mẹ́ta lọ́wọ́. Méjì fi ṣòwò, ẹ̀kẹta gbẹ́ ilẹ̀, ó sì rì í mọ́lẹ̀. Ẹ kíyèsí i pé ẹ̀kẹta yìí kò jalè, kò sì ná an ní ìnákúnàá. Ẹ̀rù ló bà á. Síbẹ̀ ọ̀gá rẹ̀ bá a wí, ó ní ó kéré tán, ì bá gbé e fún àwọn tí ń ṣòwò owó kí ó lè rí èlé gbà. Ẹ̀bùn gbogbo tí Ọlọ́run fún wa ni òwe náà ń sọ. Owó wà lára wọn. Ọlọ́run ló ni ín, àwa ni ìríjú, a ó sì jíhìn.

2. Bí a ṣe ń fi owó pamọ́

Ẹ má ṣe sọ pé owó yín kéré. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ìyá tí ń ta gàrí ní ọjà, tí ó ń dá 200 fránkì fún alájọ lójoojúmọ́, yóò dá 6.200 ní oṣù ọlọ́jọ́ 31. Alájọ yóò yọ ti ọjọ́ kan, ìyá yóò gba 6.000. Ẹni tó bá ń fi 500 fránkì pamọ́ ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan yóò ní 26.000 ní ọdún kan, àti 520.000 ní ogún ọdún, kí a tó ka èlé kankan mọ́ ọn.

Ṣùgbọ́n ibi tí a ń kó owó sí ṣe pàtàkì. Owó inú ìkòkò kì í bímọ, ó sì lè sọ agbára nù. Ní oṣù Kínní ọdún 1994, wọ́n dín iye fránkì CFA kù: 50 rẹ̀ ló ń ṣe fránkì Fáransé kan tẹ́lẹ̀, ó di 100 lẹ́ẹ̀kan náà. Owó kò kúrò nínú ìkòkò ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ọjà òkè òkun gbówó lórí. Nítorí náà ni Oníwàásù (11, 2) ṣe gbà wá nímọ̀ràn pé kí a pín ohun tí a ní sí ọ̀nà méje tàbí mẹ́jọ, nítorí a kò mọ ibi tí yóò dé. Díẹ̀ ní bánkì tàbí CLCAM, díẹ̀ nínú ọjà, díẹ̀ nínú oko tàbí ẹran ọ̀sìn, díẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ ọmọ.

Ẹ ṣọ́ra fún èrè àpàpàǹdodo. Ní ọdún 2010, ilé-iṣẹ́ kan tí a ń pè ní ICC Services, tí ó ṣèlérí èrè ńlá, dojú dé ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló pàdánù ohun tí wọ́n ti fi òógùn kó jọ. Bí irú òwò bẹ́ẹ̀ ṣe ń rìn nìyí: owó ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni a fi ń san èrè fún ẹni tó ti wà níbẹ̀. Nígbà tí ẹni tuntun kò bá dé mọ́, ó parí. Kí ẹ tó kó owó fún ẹnikẹ́ni, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: Iṣẹ́ wo ni owó yìí yóò ṣe? Ta ló fún ọ ní àṣẹ láti gba owó ará ìlú? Bí mo bá fẹ́ gba owó mi ní ọ̀la, ṣé màá rí i? Bí ìdáhùn kan bá rú yín lójú, ẹ mú owó yín padà sílé. Ẹ má sì mú ẹlòmíràn wọ inú ohun tí kò yé ẹ̀yin fúnra yín.

3. Ọjọ́ ogbó

Àwọn àgbà ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òtítọ́ ni, Òfin Kẹrin sì fi ọwọ́ sí i. Olúwa bínú sí àwọn tó sọ pé ohun tó yẹ kí àwọn fi bọ́ bàbá àti ìyá ti di ọrẹ tẹ́ńpìlì. Ọrẹ yín kò ní dùn mọ́ Ọlọ́run bí ebi bá ń pa ìyá yín.

Ṣùgbọ́n òbí pẹ̀lú ní ojúṣe. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ẹ má ṣe gbé gbogbo ogbó yín lé ọmọ kan ṣoṣo lórí. Ní Bẹ̀nẹ̀, òṣìṣẹ́ tí a kọ orúkọ rẹ̀ sí CNSS lè gba owó ìfẹ̀yìntì ní ọmọ 60 ọdún, bí a bá ti dá owó fún un fún oṣù 180, èyí tí í ṣe ọdún 15. Bí owó oṣù rẹ̀ bá jẹ́ 100.000 fránkì, a ó yọ 3.600 lára rẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ yóò sì fi 6.400 kún un.

Ẹ̀yin tí ẹ gba ènìyàn síṣẹ́, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Katikísìmù Ìjọ (2436) sọ pé àìṣòdodo ni kí a má san owó yìí tí òfin bá ti pa á láṣẹ. Ọ̀gá tó yọ 3.600 lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, tí kò sì fi ránṣẹ́, ọjọ́ ogbó ènìyàn ló jí. Jákọ́bù Mímọ́ (5, 4) sọ pé owó ọ̀yà tí a fi dù àwọn alágbàṣe ń ké, Olúwa sì ń gbọ́.

4. Owó-orí àti ìjọba

Jósẹ́fù gba Fáráò nímọ̀ràn pé kí wọ́n kó ìdá márùn-ún oúnjẹ ilẹ̀ pamọ́ fún ọdún méje ọ̀pọ̀, nítorí ọdún méje ìyàn ń bọ̀. Ètò ìnáwó ìjọba nìyẹn: kí a kó jọ nígbà tó bá wà, kí gbogbo ìlú lè yè nígbà tí kò sí. Lónìí, Ilé Aṣòfin ní Àjàṣẹ́ ló ń dìbò lórí òfin ìnáwó lọ́dọọdún. Gbogbo wa ló ń dá sí i, àní ẹni tí kò mọ̀ pàápàá: ọjà tí TVA wà lórí rẹ̀, tí iye rẹ̀ jẹ́ 1.000 fránkì, ìjọba ń fi 180 kún un. Láti ibẹ̀ ni owó olùkọ́, nọ́ọ̀sì àti ọ̀nà ti ń wá. Bí ìnáwó bá ju èyí tó wọlé lọ, ìjọba yóò yá owó, àwọn ọmọ wa ni yóò sì san án.

Katikísìmù (2240) kọ́ wa pé ojúṣe ẹ̀rí ọkàn ni sísan owó-orí. Bákan náà, ẹni tí ń ṣàkóso owó ìlú tí ó sọ ọ́ di tara rẹ̀ ń rú Òfin Keje. Ó yẹ kí a san, ó sì yẹ kí a béèrè ohun tí a fi ṣe.

Ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìbéèrè: Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí Krìstẹ́nì fi owó pamọ́?
Ìdáhùn: Rárá. Ẹ̀ṣẹ̀ ọlọ́rọ̀ inú Lúùkù 12 ni pé ó pinnu láti kọ́ àká fún ara rẹ̀ nìkan, ó gbàgbé Ọlọ́run àti aláìní.

Ìbéèrè: Ta ni a kọ́kọ́ jẹ ní gbèsè?
Ìdáhùn: Òṣìṣẹ́ tó ti ṣiṣẹ́ fún wa, òbí wa tó ti gbó, àti ìlú tó ń tọ́jú wa.

Ìbéèrè: Kí ni Ìjọ sọ nípa ẹni tó ń sá fún owó-orí?
Ìdáhùn: Ó kà á mọ́ àwọn ohun tí Òfin Keje kọ̀ (Katikísìmù 2409).

Iṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ yìí: Ẹ kọ ohun tó wọlé fún yín àti ohun tó jáde sílẹ̀ fún ọjọ́ méje. Ẹ mú ohun kan jáde nínú rẹ̀ fún ìfipamọ́, ọ̀kan fún aláìní.

Ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà: Olúwa, ìwọ ló ni ohun gbogbo. Fún wa ní ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́, ọgbọ́n tó ń pamọ́, àti ọkàn tó ń fúnni, kí a lè jíhìn fún ọ láìsí ìbẹ̀rù. Nípasẹ̀ Krístì Olúwa wa. Àmín.