Iyọ̀ Afùwàpẹ́: ọ̀rọ̀ fún ẹ̀yin tó fẹ́ jọ gba ilé l'Ékòó

 

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọkùnrin méjì wá bá mi nílé. Àkùngbá tó wà nítòsí wa níbí ni wọ́n ti kàwé jáde, wọ́n sì ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán. Wọ́n fẹ́ jọ gba ilé l'Ékòó. Èyí ẹ̀gbọ́n nínú wọn ní, "Bàbá, ẹ bá wa bi Ifá bóyá ilé yìí máa sàn wá." Ó fi fọ́tò hàn mí lórí fóònù: ọ̀dà funfun, táìsì tó ń dán. Mo ní, "Ta lẹ ti bá sọ̀rọ̀ nínú àwọn tó ń gbé ibẹ̀?" Wọ́n wojú ara wọn. Ajẹ́ńtì nìkan ni wọ́n bá sọ̀rọ̀, orí fóònù náà sì ni. Ó ti ní kí wọ́n fowó ránṣẹ́ kó tó di ọjọ́ Ẹtì.

Mo dá Ifá fún wọn. Odù tó jáde, tiwọn ni, mi ò ní kọ ọ́ síbí. Ṣùgbọ́n mo sọ ìtàn kan fún wọn látinú Ogbègúndá, òun ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin náà.

Ọ̀rẹ́ mẹ́ta ni wọ́n: Oríṣeékú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Wọ́n ń ti ọ̀run bọ̀ wá tẹ̀dó sílé ayé. Wọ́n ní láti kọ́kọ́ dé ilé Àjàlá, ẹni tó ń fi amọ̀ mọ orí, kí kálukú yan orí tirẹ̀. Wọ́n ti kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má yà síbì kankan. Lójú ọ̀nà, Afùwàpẹ́ ní òun fẹ́ yà kí bàbá òun. Àwọn méjì yòókù ní àwọn ò yà. Wọ́n bá tiwọn lọ.

Wọ́n dé ilé Àjàlá, wọn ò bá a. Wọn ò ní sùúrù. Wọ́n wọ ibi tí orí wà, wọ́n gbé èyí tó tóbi, tó sì rẹwà lójú. Wọn ò mọ̀ pé amọ̀ tútù ni, Àjàlá ò tíì sun ún. Bí wọ́n ṣe ń lọ sílé ayé, òjò dé, ó ń wẹ orí wọn dànù díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ayé, wọ́n ṣiṣẹ́ títí, wọn ò rí èrè.

Afùwàpẹ́ dé ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀, wọ́n dá Ifá fún un, wọ́n ní kó rú iyọ̀ àti owó. Wọ́n bù nínú ẹ̀ fún un pé kó mú un dání lọ. Nígbà tó yá, ó bá oníbodè Àjàlá tó ń se ọbẹ̀, tó ń bu eérú sí i. Afùwàpẹ́ bu iyọ̀ sí i fún un. Oníbodè tọ́ ọ wò, ó dùn. Ló bá tú àṣírí: ajigbèsè ni Àjàlá, ẹni tó jẹ lówó wà nílé tó ń dúró dè é, inú àjà ló sá sí. Afùwàpẹ́ lọ, ó san gbèsè náà. Àjàlá sọ̀ kalẹ̀, ó mú un wọlé, ó fi ọ̀pá irin lu orí kan lẹ́yìn èkejì, títí ó fi bá a yan èyí tó jiná. Òjò pa tirẹ̀ náà lọ́nà. Kò ràn án.

Ẹ wò ó dáadáa. Ifá ò sọ fún Afùwàpẹ́ pé orí báyìí ni kó gbé. Ifá fún un ní iyọ̀. Ẹnu oníbodè ni òtítọ́ ilé yẹn wà, iyọ̀ ló sì ṣí i. Ẹni tó bá rò pé tí òun bá ti dá Ifá, òun ò ní láti béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ènìyàn mọ́, kò gbọ́ ìtàn yẹn tán.

Kí n tó mọ èyí, ó ná mi ní nǹkan. Èmi náà ti gba ilé l'Ékòó pẹ̀lú ọ̀rẹ́, lọ́dún 2006. Babaláwo ni bàbá mi, ṣùgbọ́n mo ti gboyè nínú ẹ̀kọ́ ìtàn nígbà yẹn, ojú sì ń tì mí. Ẹ gbọ́ o: oṣù kọkànlá ọdún 2005 ni UNESCO kéde Ifá pé ó wà lára ohun àjogúnbá tó ṣeyebíye fún gbogbo aráyé. Èmi tí wọ́n bí sídìí ẹ̀, mò ń gbé ọpọ́n bàbá mi pamọ́ bí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi bá wá sílé!

Láàárọ̀ ọjọ́ tí a ń lọ, bàbá mi wà lórí ẹní. Mo gba ẹ̀yìnkùlé lọ sí gáréèjì. Mi ò fẹ́ kó ní kí n dúró.

Apá Ìkòtún la ti rí ilé, rúùmù kan àti pálọ̀, nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Ọ̀dà ara ògiri ṣì ń rùn. 4,000 náírà lóṣù, owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan náà, 96,000. Kọmíṣọ̀n àti àgírímẹ́ǹtì, 20,000. A dá a ní 58,000 kálukú. Ìyá kan ń ta àkàrà níwájú ilé. A ra àkàrà lọ́wọ́ wọn, a jẹ ẹ́, a ò bi wọ́n ní nǹkan kan.

Oṣù kẹfà, òjò dé. Omi wọlé títí ó fi bo mátírẹ́ẹ̀sì. Ìyá alákàrà wá bá wa gbé ẹrù, wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ọdọọdún ni. Kí ló dé tẹ́ ò bi mí?"

Inú bí mi. Ọ̀rẹ́ mi ló bá ajẹ́ńtì sọ̀rọ̀, mo bá ní ó jẹ níbẹ̀. Kò jẹ kọ́bọ̀. Ó kó ẹrù ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀ yẹn, ọdún mọ́kànlá la ò fi bára wa sọ̀rọ̀.

Nígbà tí bàbá mi papò dà ní 2017, ó wá. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un. Ó ní, "Dìde jàre. Bàbá náà ni mo wá sin. Èmi yà kí wọn láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Wọ́n ní ká bi àwọn ará ilé ká tó sanwó. Mo sọ fún ẹ nínú mọ́tò, o ní kí n má bá ẹ sọ̀rọ̀ orí ọpọ́n."

Òótọ́ ni. Mo rántí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má fi gbogbo wàhálà ilé l'Ékòó sun orí yín. Ní oṣù keje ọdún 1990, ìjọba lé àwọn ará Màrókò kúrò, wọ́n wó ilé wọn. Ṣé gbogbo wọn ni orí wọn burú? Rárá o. Ìlú náà le ni. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ mú iyọ̀ dání.

Iyọ̀ ni kí ẹ fi ẹsẹ̀ yín débẹ̀, kí ẹ kí ará ilé, kí ẹ bi wọ́n nípa omi, iná àti òjò. Iyọ̀ ni kí ẹ mọ̀ bóyá ẹni tó ń gba owó ló nilé, tàbí ó wà nínú àjà tó ń sá fún gbèsè. Iyọ̀ náà ni kí ẹ mọ òfin: òfin ilé gbígbé tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2011 ní kí onílé má gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé, kó sì fún un ní rìsíìtì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó yọ àwọn àdúgbò bíi Ìkòyí sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí orúkọ ẹ̀yin méjèèjì wà nínú rìsíìtì náà.

Fún ẹni tí ẹ jọ ń gbé, ẹ sọ ohun tí agbára yín ká kí ẹ tó dáwó. Afùwàpẹ́ ò yọ́ lọ. Ó sọ lójú àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ pé òun fẹ́ yà. Kálukú ló lórí tirẹ̀, bí ẹ tilẹ̀ jọ ń sùn sí rúùmù kan. Bí òjò bá sì wọlé, ẹ má tètè wá olè láàárín ara yín.

Àwọn ọmọ méjì yẹn ò fi owó ránṣẹ́ mọ́. Wọ́n lọ sí Èkó fúnra wọn, ẹni tó ń ta káàdì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé yẹn sọ fún wọn pé àwọn kan ti sanwó rúùmù kan náà ṣáájú wọn. Títí di àná tí wọ́n pè mí, wọn ò tíì rí ilé. Ṣùgbọ́n owó wọn ṣì wà lọ́wọ́ wọn, ọ̀rẹ́ sì ni wọ́n síbẹ̀.

Orí wa ò ní gbé wa wọ ilé amọ̀ tútù. Orí wa á fi oníbodè rere pàdé wa lọ́nà, a ò sì ní kọjá lára rẹ̀ láì kí i. Àṣẹ.

Ire o.