Ta Ni Olórí Níbi Iṣẹ́?

Ẹ̀yin olùkà wa, ọ̀pọ̀ nínú yín ni yóò jẹ́ olórí lọ́jọ́ kan: olùkọ́ yóò di ọ̀gá ilé-ìwé, akẹ́kọ̀ọ́ yóò di ọ̀gá níbi iṣẹ́. Nítorí náà ó tọ́ kí a bi ara wa léèrè: kí ni ó ń sọ ènìyàn di olórí? Ṣé àga tí ó jókòó lé ni, tàbí èdè tí ó ń sọ, tàbí ọjọ́ orí rẹ̀?

Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso ilẹ̀ wa, ìdáhùn kò ṣòro. Òyìnbó ni ọ̀gá, èdè rẹ̀ ni a sì fi ń pàṣẹ. Ní ọdún 1960 a gba òmìnira. Òyìnbó dìde lórí àga, ọmọ wa jókòó síbẹ̀. Ṣùgbọ́n àga náà kò yí padà, bẹ́ẹ̀ ni èdè ibẹ̀ kò yí padà. Àwa sì fi ọ̀wọ̀ àgbà láti ilé wá kún un. Ọ̀wọ̀ dára, ẹni tí kò ní i kì í ṣe ọmọlúàbí. Ṣùgbọ́n bí ọ̀wọ̀, àga àti èdè àjèjì bá pàdé lójú kan, ẹnu ọmọ-abẹ́ a di pátápátá.

A rí èyí ní ilé-ìwé kan tí a kò ní dárúkọ. Ọ̀gá pe ìpàdé lórí àtúnṣe ilé, Gẹ̀ẹ́sì sì ni gbogbo ọ̀rọ̀. Bàbá tí ń ṣọ́ ọgbà dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó mọ̀ pé ikán ti jẹ igi òrùlé láti inú, ṣùgbọ́n kò gbọ́ ohun tí a ń sọ, ẹnikẹ́ni kò sì bi í. Olùkọ́ kékeré kan tí bàbá náà ti sọ fún rò pé àrífín ni kí òun dá sí ọ̀rọ̀ ọ̀gá. Wọ́n kun ògiri, wọ́n fi òrùlé sílẹ̀. Lóru ọjọ́ kan òjò ńlá dé, òrùlé sì wó. Ká ní ọ̀sán ni, orí àwọn ọmọ ni ì bá wó lé. Ọ̀gá náà kì í ṣe ìkà. Kò ní kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n kò ṣí ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ lè gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ìsarà ní ilẹ̀ Rẹ́mọ fi ọ̀nà mìíràn hàn wá. Samuel Akínsànyà, tí a bí ní ọdún 1898, wà lára àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ tí a wá mọ̀ sí Nigerian Youth Movement sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1934. Ó ṣe aṣáájú ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́kọ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí yóò darí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ gbọ́ èdè méjì: èyí tí a fi ń kọ̀wé sí ìjọba, àti èyí tí awakọ̀ fi ń sọ ìṣòro rẹ̀. Ní ọdún 1941 ó di Ọdẹ́mọ ti Ìsarà. Nígbà ìjà òṣèlú Ìwọ̀-Oòrùn ní àwọn ọdún 1960, nítorí pé kò fi Awólọ́wọ̀ sílẹ̀, ìjọba ẹkùn náà gé owó rẹ̀ kù sí kọ́bọ̀ kan lọ́dún. Síbẹ̀ orí ìtẹ́ ni ó wà títí ó fi wàjà ní ọdún 1985. Ìwé àṣẹ lè gé owó olórí. Kò lè gé iyì tí àwọn ènìyàn fún un.

Ẹlòmíràn yóò wí pé Gẹ̀ẹ́sì ni ó so onírúurú ẹ̀yà pọ̀ níbi iṣẹ́. Òtítọ́ ni, a kò sì kẹ́gàn rẹ̀. Bí àwa náà bá fi Yorùbá sé Haúsá tàbí Ígbò mọ́ta, ẹ̀ṣẹ̀ kan náà ni. Kì í ṣe èdè ni ó burú, bí kò ṣe kí a fi èdè ṣe ọgbà.

Àṣà wa pẹ̀lú kò di ọmọdé lẹ́nu. Ọmọdé tí ó fẹ́ pa òwe níwájú àgbà a wí pé, "Tótó, ó ṣe bí òwe". Àgbà a sì dáhùn pé yóò rí òmíràn pa. Ìlẹ̀kùn nìyẹn, tí àwọn baba wa ṣí sílẹ̀ fún ọgbọ́n ọmọdé. Àwa gbé ìdọ̀bálẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì, a sì gbàgbé ìlẹ̀kùn náà sílé. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilẹ̀-Ifẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kọ́ bí a ti ń fi ọ̀wọ̀ sọ òtítọ́. Ẹ̀yin tí ẹ wà lórí àga, kí ìpàdé tó túká, ẹ bi ẹni tí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà léèrè, ní èdè tí ó gbọ́.